Ìyá, Nne, Uwa: Orúkọ Tí Ọmọ Aráyé Fi Ń Pe Abiyamọ

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kéré lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ènìyàn tí kò pè é rí. Mo fẹ́ bá yín sọ nípa orúkọ tí ọmọ aráyé fi ń pe ìyá: ibi tí orúkọ náà ti ṣẹ̀, ohun tó mú kí ti èdè kan jọ ti èkejì, àti ìdí tí tiwa nílẹ̀ Yorùbá fi dá dúró láyè ara rẹ̀.

Kí a tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òpópónà Allen ní Ìkẹjà níbí. Ilẹ̀ Àwórì ni ilẹ̀ yìí. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ ní Ìkẹjà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, àwọn ilé-iṣẹ́ náà ló sì fa ènìyàn wá láti igun gbogbo. Nígbà tó di 1976, Ìkẹjà di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó, èrò wá pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti oríta Allen títí dé Òpèbí, tó sì ń tẹ́tí sílẹ̀ bí àwọn ènìyàn ti ń bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yóò gbọ́ bí wọ́n ti ń pe ìyá ní èdè tó lé ní márùn-ún kó tó dé ibi tó ń lọ. Ọmọ Ìgbò tó ní ìsọ̀ fóònù ní Computer Village yóò pe tirẹ̀ ní nne. Ọmọ Hausa tó ń ta súyà nírọ̀lẹ́ yóò ní uwa, tàbí inna, tó jẹ́ pé àwọn Fúlàní náà ń lò ó. Ọmọ Edo yóò ní iye. Ọmọ Efik yóò ní eka, ọmọ Tiv yóò ní ngo. Ègùn tó ti Àgbádárìgì wá yóò ní nọ, bẹ́ẹ̀ náà ni Fọ̀n tó ti Kútọnu wá. Ará Gánà tó ń sọ Twi yóò ní maame. Àwọn ará Ṣáínà tó wá ṣòwò ní Ìkẹjà ń pe tiwọn ní mā, ohùn rẹ̀ ga, ó sì tẹ́jú. Ẹni tó bá yí ohùn náà padà ti bá nǹkan mìíràn jẹ́: mǎ jẹ́ ẹṣin, mà jẹ́ kí a máa bú ènìyàn. Àwa tí a mọ ìyàtọ̀ ìyá àti ìyà, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín tó wú mi lórí gidigidi. Hausa ń pe ìyàwó àgbà nínú ilé ní uwargida. Uwa ni ìyá, gida ni ilé. Àwa náà ń pe ìyàwó àgbà ní ìyáálé, èyí tí í ṣe ìyá ilé. Èdè méjèèjì kò bá ara wọn tan nítòsí, síbẹ̀ wọ́n fi ọ̀rọ̀ méjì kan náà kọ́ oyè kan náà fún obìnrin kan náà. Ní Agége, níbi tí Hausa àti Yorùbá ti jọ ń ṣòwò obì láti ayé àwọn bàbá ńlá wa, ìyáálé àti uwargida ti ń kí ara wọn láti ojúlé sí ojúlé tipẹ́.

Ó dáa. Ìbéèrè tó gbàtẹ́tísí ni èyí: kí ló dé tí màmá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní gbogbo ayé? Swahili ní mama. Àwọn Quechua tó wà lórí òkè ńláńlá ní Perú ní mama. Ará Wales ní mam. Lárúbáwá ní umm. Hébérù ní em. Tọ́kì ní anne. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò jọ jẹ, wọn kò jọ mu, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fojú kan ara wọn rí títí ọkọ̀ ojú omi fi dé.

Ìdáhùn kan wà tí àwọn ènìyàn tètè máa ń mú wá, òun náà sì jẹ́ òótọ́ dé àyè kan: wọ́n ní ẹbí ni àwọn èdè náà. Ní 1786, adájọ́ kan tó ń jẹ́ William Jones, ará Bìrìtìkó tó ń ṣiṣẹ́ ní Calcutta nílẹ̀ Íńdíà, dìde níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ pé èdè Sanskrit àtijọ́, Látìnì àti Gíríìkì ní láti ti orírun kan náà wá. Ìyá wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tó fi òtítọ́ náà hàn. Sanskrit ní mātṛ, Látìnì ní mater, Gíríìkì ní mētēr, Jámánì ní Mutter, Gẹ̀ẹ́sì ní mother. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, ìrìn àjò ló pín wọn níyà. Ṣùgbọ́n ẹbí kò lè ṣàlàyé Swahili àti Quechua. Kò lè ṣàlàyé Ṣáínà. Ohun mìíràn ní láti wà nídìí ọ̀rọ̀.

Ní 1959, onímọ̀ àṣà kan ní Amẹ́ríkà, George Peter Murdock, gbé ìṣirò kan jáde. Ó ṣa ọ̀rọ̀ 1,072 jọ tí àwọn ẹ̀yà káàkiri ayé fi ń pe òbí: 531 jẹ́ ti ìyá, 541 jẹ́ ti bàbá. Onímọ̀ èdè tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá ìdí rẹ̀ jinlẹ̀, ni Roman Jakobson, ọmọ Rọ́ṣíà tí wọ́n bí ní Moscow ní 1896, tó sì di olùkọ́ ńlá ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó dúró fún ìyá, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìró àránmúpè, ìyẹn ìró bíi m àti n tí èémí rẹ̀ ń gba imú jáde. Nínú ti bàbá, ìdá 15 péré ni. Ohun tó tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣèèṣì.

Ẹ bá mi ṣe nǹkan kan níbi tí ẹ wà, yálà nínú ọkọ̀ tàbí nídìí àdògán. Ẹ pa ètè méjèèjì dé, kí ẹ wá kùn. Ìró wo ló jáde? M ni. Ẹ wá la ẹnu gbàgà láìgbé ahọ́n sókè. Mà. Kò sí iṣẹ́ ẹnu tó rọrùn ju ìyẹn lọ. Eyín kò bá a dá sí i, ahọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Ọmọ tí kò tíì hu eyín kan lè sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n Jakobson kò dúró síbẹ̀, ohun tó sì sọ tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí abiyamọ gbọ́. Ó ní nígbà tí ọmọ bá ń mu ọmú lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ kún, ohùn kankan kò lè gba ibẹ̀ jáde. Bí inú rẹ̀ bá ń dùn, tó fẹ́ gbé ohùn sókè, imú nìkan ni ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un. Ìkùn ọmọ lórí ọmú, mm, mm, òun ni ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bó bá yá, ebi á pa ọmọ nígbà tí ọmú kò sí lẹ́nu rẹ̀, á tún kùn, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó ń fi ìkùn náà bèèrè ni. Láti ara oúnjẹ, ìró náà á bọ́ sára ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá. Báyìí ni ebi ọmọ ṣe di orúkọ ìyá. Nígbà tí abiyamọ kan bá jókòó sídìí ọjà rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì, tó fún ọmọ lọ́mú, tó gbọ́ ìkùn yẹn, ohun tó ń gbọ́ ni ọ̀rọ̀ kan tó ń bí ara rẹ̀.

Ti bàbá kò le. Ètè náà ló tún ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n láìgba imú: ba, pa. Ìdí nìyẹn tí bàbá wa fi jọ baba Hausa, tó jọ baba Swahili, tó jọ baba Tọ́kì, tó sì jọ bàba Ṣáínà. Kò pọn dandan kí a yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì pọn dandan kí wọ́n yá a lọ́wọ́ wa.

Ẹnì kan lè máa rò ó pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ ọwọ́ ló ń fún àgbà lórúkọ. Rárá o. Ọmọ a máa mú ìró wá, àgbà ló ń fi ìtumọ̀ sí i. Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà tó múlé gbe Rọ́ṣíà: níbẹ̀, mama ni wọ́n ń pe bàbá, deda ni wọ́n ń pe ìyá. Ẹ̀yà kan wà ní àárín gbùngbùn Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní Pitjantjatjara. Mama tiwọn náà, bàbá ni. Àwọn Ewe tó wà ní Tógò àti Gánà, tí wọ́n jẹ́ ará ilé wa, ń pe ìyá ní dada. Ti Jàpáànì ló wá yani lẹ́nu jù. Lónìí, haha ni ìyá lédè wọn. Ṣùgbọ́n ìró h tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yẹn, p ni láyé àtijọ́ kó tó yí padà díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, nígbà kan rí, papa ni ọmọ Jàpáànì ń pe ìyá rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ̀ wá sílé. Níbo ni ìyá wa dúró sí nínú gbogbo èyí? Ẹ tún un pè: ì-yá. Kò sí m níbẹ̀. Kò sí n. Èémí kankan kò gba imú. A kò sí lára ìdá 55 yẹn rárá. Ohun tó sì jọ mí lójú ni pé ìró àránmúpè kún inú ilé yìí ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ ìyá: ọmọ, ọmú, kí a mu, kí a fọ́mọ lọ́mú. M ni gbogbo ohun tó wà láàárín ìyá àti ọmọ rẹ̀. Èmi kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì, ẹ̀rí kò sí lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ìyá fúnra rẹ̀ yà sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì ti wà tipẹ́. Ẹ kúrò ní Ọ̀yọ́, kí ẹ kọrí sí ìlà-oòrùn, sí Èkìtì àti Oǹdó, ẹ óò bá iye àti yèyé lẹ́nu àwọn àgbàlagbà. Ẹ tún máa lọ, ẹ óò dé ilẹ̀ Edo, ibẹ̀ náà iye ni. Àwọn onímọ̀ èdè ka Yorùbá àti Edo mọ́ agbo ńlá kan náà, ọ̀rọ̀ yìí sì jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí etí lásán lè gbọ́ kó gbà pé òótọ́ ni. Láàfin Benin, iye àti ọba para pọ̀ di Iyoba, oyè ìyá ọba. Idia ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà, ìyá Ọba Esigie ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ọgọ́rùn-ún márùn-ún lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà á rántí ojú rẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀: òun ni ojú eyín erin tó jẹ́ àmì àjọ̀dún FESTAC tí a ṣe ní Èkó ní 1977. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Bìrìtìkó ní London kọ̀ láti yá wa ní ojúlówó rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi gbẹ́ òmíràn ní Benin. Gbogbo ẹni tó wá láti ilẹ̀ adúláwọ̀ ní ọdún yẹn, ojú ìyá kan ni wọ́n ń wò káàkiri ìlú.

Yèyé náà ló wà nínú orúkọ àwọn ọmọbìnrin wa. Yétúndé, Yéwándé, Yéjídé. Ìyábọ̀. Bí ìyá àgbà bá kú, tí a sì bí ọmọbìnrin lẹ́yìn rẹ̀ nínú ilé, bàbá ọmọ á wo ọmọ ọwọ́, á ní ìyá mi ti dé. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ń pe ọmọ tó bí ní ìyá. Ìgbò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: Nnenna tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ìyá bàbá ni. Nneka sì ń sọ pé ìyá ló jù. Ẹ̀yin tí ẹ ní Ìyábọ̀ nínú ilé tàbí tí ẹ ní Nnenna ní aládùúgbò, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ń gbé kiri. Àmọ́ kí ẹ ṣọ́ ohùn yín o. Yeye tí àwọn tó ń sọ pijin ń pe ohun tí kò ní láárí, inú yẹ̀yẹ́ ló ti jáde, ìyẹn ẹ̀fẹ̀ àti ẹlẹ́yà. Yèyé kò mọ̀ ọ́n rí.

Yorùbá kò fi ìyá mọ sí ẹni tó bímọ nìkan. Ìlù tó ń darí ìlù yòókù, ìyá ìlù ni. Obìnrin tó ń ṣojú àwọn obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ìlú, Ìyálóde ni. Ẹfúnróyè Tinúubú ni Ẹ̀gbá fi jẹ àkọ́kọ́ ní 1864. Olórí ọjà, Ìyálọ́jà ni. Ẹ̀yin ará Èkó kò sì tíì gbàgbé Alhaja Abibatu Mogaji, tó wà lórí oyè náà títí tó fi kú ní 2013. Obìnrin tó bá di ìyá ọmọ ń bọ́ orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀, a óò máa pè é ní Ìyá Bọ́lá, Ìyá Ìbejì. Lárúbáwá náà ń fi umm ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà wọ òfin. Bí ọkùnrin bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tó ní ìyàwó púpọ̀, ọ̀nà méjì làwa Yorùbá fi ń pín ogún: orí-ó-jorí, tí gbogbo ọmọ ń gba dọ́gba, àti ìdí igi, tí a ń pín in ní iye ìyá tó bímọ fún un. Ọkùnrin kan ní Èkó, Suberu Dawodu, kú láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ẹjọ́ ogún rẹ̀ kò dúró ní Èkó, ó dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Ọba Bìrìtìkó ní London, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 1962 pé ìdí igi ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tí àwọn adájọ́ náà ń sọ ni pé ìyá ni ìdí tí àwọn ọmọ ti hù. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ìyá fi ju ọbàkan lọ ní etí Yorùbá, tó sì jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ fa ojú àlejò mọ́ra ní Agége yóò pè é ní ọmọ ìyá mi, láìbéèrè ibi tó ti wá.

Ọ̀rọ̀ náà tún wọ ọkọ̀ ẹrú. Ààfin Ọ̀yọ́ ní obìnrin kan tó ń bójú tó Ṣàngó ọba, oyè rẹ̀ ni Ìyá Nàsó. Ogun fọ́ Ọ̀yọ́, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa kọjá òkun, oyè náà bá wọn lọ. Ní ìlú Salvador ní Bahia, nílẹ̀ Brazil, ilé òrìṣà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ilê Axé Iyá Nassô Oká, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Casa Branca. Ní 1984, ìjọba Brazil kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè náà, ilé òrìṣà àwọn dúdú tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ní ìlú kan náà, ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlè ọdọọdún, àwọn apẹja ń kó òdòdó wọ inú òkun fún Iemanjá. Yemọja ni, Yèyé-ọmọ-ẹja, obìnrin odò Ògùn tó ń ṣàn lọ sí Abẹ́òkúta. Ní Kúbà, ìlù bàtá mẹ́ta ni wọ́n jọ ń lù, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì ń jẹ́ iyá títí di òní. Àwọn tó ń lù ú ń sọ Sípáníìṣì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì fún ìyá, ṣùgbọ́n wọn kò fi rọ́pò.

Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn Samuel Àjàyí Crowther ló ká mi lára jù. Ní 1821 ni wọ́n kó ìlú rẹ̀, Òṣoògùn, wọ́n mú Àjàyí tó jẹ́ ọmọdé, wọ́n mú ìyá rẹ̀, Àfàlá, wọ́n sì ya wọ́n. Wọ́n ta ọmọ títí ó fi dé inú ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ogun Bìrìtìkó gbà á sílẹ̀, ó dàgbà ní Sàró. Ní 1843, ìwé tó fi ṣàkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní London. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin tó jókòó, tó ń to ọ̀rọ̀ èdè wa lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé, kò mọ̀ bóyá ìyá tó kọ́ ọ ní èdè náà wà láàyè. Ọdún 25 kọjá lẹ́yìn tí wọ́n ya wọ́n. Ní oṣù Ògún 1846, ní Abẹ́òkúta, wọ́n mú ìyá náà wá bá a. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tètè jáde, àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, omijé ń bọ́. Ìyá wá ń pè é ní àwọn orúkọ tí wọ́n fi ń pè é ní kékeré. Ní 1848, Àfàlá ṣe ìrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì.

Mo wá fẹ́ sọ tiwa lónìí, nítorí ó ń dùn mí. Ní àwọn ọ́fíìsì àti báǹkì tó wà ní Allen, ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ olówó ńlá tó yí ibẹ̀ ká, ìyá ti ń di ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sá fún. Mọ́mì ló kù. Òṣìṣẹ́ báǹkì á pe arúgbó ní mọ́mì, ọmọ ilé-ìwé á pe olùkọ́ rẹ̀ ní mọ́mì, ìjọ á pe ìyàwó pásítọ̀ ní mọ́mì. Mo ti gbọ́ tí òbí ń bá ọmọ wí pé kó má pe òun ní ìyá mọ́, pé èdè ará oko ni, pé ó dà bí ẹni ń bú ni. N kò bá mọ́mì jà. Màmá kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹnu ọmọ ọwọ́ ló ti wá, ní gbogbo ayé, mo sì ti sọ bó ṣe rí. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ pè é ní màmá, kó jẹ́ ẹ tayọ̀tayọ̀. Ohun tí n kò gbà ni pé kí a máa ka ìyá sí ọ̀rọ̀ tó rẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè fi mọ́mì jẹ Ìyálóde. Mọ́mì kò sí nínú Ìyábọ̀. Mọ́mì kò lè pín ogún.

Mo mọ ibi tí ìtìjú náà ti ń wọlé. Òpópónà wa ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bí dánfó bá ha dánfó lára ní ìbùdókọ̀ Allen, èébú àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu awakọ̀ ni ìyá ẹ, kọ̀ńdọ́ náà á sì dá a padà. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń gbọ́ mi mọ̀ pé èébú náà kì bá tí dunni tó bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ó ń dunni nítorí pé kò sí ohun tó tó o lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bú. Awakọ̀ kan náà, bí ìjàǹbá bá dé bá a lójijì, yéè, ìyá mi o, ni yóò ké. Ẹ̀yin arákùnrin mi, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní mímọ́. Ẹ bínú síra yín lórí ọ̀nà, kí ẹ má fi ọwọ́ kan ìyá ara yín.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún. Àwọn tó ṣì mọ bí wọ́n ti ń pe ìyá ní ẹ̀ka èdè ìlú wọn ń dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn ní Ìkẹjà àti Agége níbí, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá délé ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n fi ń pe ìyá tiwọn nígbà tí wọ́n kéré. Bó bá jẹ́ iye ni, bó bá jẹ́ yèyé ni, bó bá jẹ́ òmíràn tí ẹ kò gbọ́ rí, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń pè é. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú àmì ohùn lórí, kí ẹ kọ orúkọ ìlú wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pe àwọn ọmọ yín, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà fúnra rẹ̀, kí àwọn náà sì pè é.